Bẹ́ǹṣì Tí A Gbà Dípò Àga

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní apá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti dàgbà tó mi á rántí bí àwa ará oko ṣe ń dúró létí títì ní Adégbayì, tí a ó wo ọ̀tún, tí a ó wo òsì, tí a ó tún gbójú wo òkè, kí a tó sáré kọjá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti lé ní àádọ́rin báyìí, orúnkún mi a sì máa sọ fún mi pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti ń kọ ọ́ o. Ẹ má ṣáà retí akọni nínú rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo ba ìyanṣẹ́lódì náà jẹ́, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi bà á jẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí òpópónà náà ṣe rí, nítorí ẹni tó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá lónìí kò lè mọ ohun tó ti jókòó síbẹ̀ rí. Bàbá tó bí bàbá mi ru èkùrọ́ láti abúlé wa lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá lọ síbẹ̀ nígbà tí ilé ìtajà àwọn òyìnbó ṣì jẹ́ ilé alámọ̀ onípáànù, tí wọ́n ń wọn kòkó níwájú, tí wọ́n ń ta iyọ̀ àti aṣọ lẹ́yìn. Nígbà tó di ayé bàbá mi, wọ́n wó o, wọ́n kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní òpó irin síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ìsọ̀, òkè ni òyìnbó ń sùn. Tísà ìjọ ni bàbá mi, ibẹ̀ ló ti ra bàtà aláwọ̀ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bàtà yẹn náà ló sì fi ń wàásù títí mo fi lọ́kọ. Nígbà tó fi máa kan èmi, wọ́n tún ti wó ti olópòó irin náà. Ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tó ní fèrèsé gíláàsì tó ga ju èèyàn méjì lọ, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹ̀rásò tó ń dán gbinrin, ó sì ní lífùtì. Irú rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì, gbogbo wọn ń bá ara wọn figagbága. Àmọ́ tiwa nìkan ló ní àtẹ̀gùn ńlá kan níwájú, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá, tó fẹ̀ débi pé ogún èèyàn lè jókòó sórí ìpele kan láìfara kanra. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo Ìbàdàn ṣe ń pe ibẹ̀ ní Ilé Àtẹ̀gùn. Orúkọ tí kọ́ḿpìnì fún un wà lókè ẹnu ọ̀nà, n kò sì gbọ́ kí awakọ̀ kankan pè é rí.

Àwa òṣìṣẹ́ kì í gba orí àtẹ̀gùn yẹn. Ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn tiwa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń já ẹrù sí. Ibẹ̀ la ti máa ń tò láàárọ̀ kí wọ́n yẹ èékánná wa wò, kí wọ́n wo kọ́là yunifọ́ọ̀mù wa bóyá ó dọ̀tí. Òfin méjì ló wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú. Àkọ́kọ́, oníbàárà kò gbọdọ̀ dúró níwájú ẹ láìjẹ́ pé o kí i. Máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù, a máa fi ìka lu káńtà, á ní, "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí ló yẹ kí ẹ sọ?" Gbogbo wa á dá a lóhùn bí ọmọ iléèwé, "Ẹ káàbọ̀ o. Kí ni ká fi ṣe yín lóore?" A sọ ọ́ débi pé mo sọ ọ́ sí àlùfáà wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kan. Òfin kejì ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó. Oníbàárà wà o, kò sí o, dúró. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, dúró.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ìjókòó nínú gbogbo ilé náà, ìyẹn Bọ̀dá Ìsíkíẹ́lì tó ń wa lífùtì. Wọ́n kan àga kékeré kan mọ́ ògiri lífùtì fún un. Òun náà ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àga tó ní ló jẹ́ ká fi ṣe alága. Onígbàgbọ́ aláṣọ funfun ni, wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú súùtánà ìjọ wọn, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fi máa ń ká a lára.

Ọ̀rẹ́ mi Rábíátù ló dá ọ̀rọ̀ àga sílẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá. Èmi wà ní ìdí bàtà, òun wà ní ìdí aṣọ, káńtà wa sì kọjú síra. Olódò ni ilé ọkọ rẹ̀, nítorí náà bọ́lẹ̀kájà kan náà la jọ ń wọ̀ láti Adégbayì. Lọ́dún tó ṣáájú, oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló wà tó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró parí ọjọ́ yẹn kó tó lọ sílé ìwòsàn, nítorí òfin ni òfin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú bọ́lẹ̀kájà, ó fẹnu sí mi létí.

"Akọ̀wé, mo tún ti lóyún."

"Ẹ̀hẹ́n! A dúpẹ́ o."

"Má tíì dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ní tí mo bá tún dúró bí mo ṣe dúró lọ́jọ́sí, kí n má wá bá òun sunkún."

"Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà náà."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Kí n fi í sílẹ̀, kí ẹlòmíì tó lóyún wá dúró síbẹ̀? Àga ni mo fẹ́ o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi."

Ohun tí a tìtorí rẹ̀ jà nìyẹn. A kò bèèrè owó oṣù, a kò bèèrè ìsinmi. Àga kékeré kan lẹ́yìn káńtà kọ̀ọ̀kan la ní kí wọ́n fún wa, kí obìnrin lè jókòó nígbà tí kò bá sí oníbàárà níwájú rẹ̀, kí oyún Rábíátù lè dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù máa fèsì, ó pè wá jọ sí yàrá ẹrù.

"Ta ló máa ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó? Ṣé ọjà abúlé la wà níbí ni?"

Bọ̀dá Ìsíkíẹ́lì fi pẹ̀lẹ́ dáhùn, ó ní, "Sà, àwọn tó ń jókòó tajà lábúlé, ṣé ọjà tiwọn kì í tà ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín títí máníjà fi jáde. Lẹ́yìn náà la wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ibẹ̀ náà la sì ti fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, a kò lọ sẹ́yìn ilé. Iwájú la gbà. Obìnrin mẹ́tàlélógún àti ọkùnrin mẹ́sàn-án, a gun àtẹ̀gùn tí a kò gùn rí, a sì jókòó sórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí a ṣe kò ju ìyẹn lọ. Olúkúlùkù mú ìjókòó wá láti ilé. Ẹlòmíràn gbé àpótí wá, ẹlòmíràn ká ẹní wá, ẹnì kan tilẹ̀ gbé àga ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá, a sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbàgbé dá a padà kí ó tó di ọjọ́ Àìkú. Rábíátù jókòó sí àárín gbùngbùn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wí pé, "Háà, ilé yìí dára láti ibí o." Àwọn ọlọ́pàá méjì wá wò wá, wọ́n yẹ̀ wá wò lókè, wọ́n yẹ̀ wá wò nísàlẹ̀, ọ̀kan wá bi èkejì pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni a máa sọ pé wọ́n ṣẹ̀, pé wọ́n jókòó àbí kí ni? Wọ́n bá tiwọn lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjọ́ méjì gbáko, ẹnikẹ́ni kò dìde àfi ẹni tó bá fẹ́ tọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù kò ti ilẹ̀kùn o. Ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ayé lè rí i pé òun ṣì ń tajà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú ilé pẹ̀lú akọ̀wé owó kan tí ikọ́ ń bá jà. Oníbàárà tó bá gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ wa, a máa fi sùúrù ṣàlàyé fún un, á sì yà sí ilé tó wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọ̀gá pátápátá wá láti Èkó. Wọ́n pe Bọ̀dá Ìsíkíẹ́lì àti ẹnì kan sí i lọ sókè. Bọ̀dá ní kí èmi dúró ti àwọn èèyàn wa lórí àtẹ̀gùn, nítorí èmi ni wọ́n máa ń wò ṣe.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá ni bàbá àgbẹ̀ kan yọ láti ọ̀kánkán. Ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ oko ṣì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó gbé àpò kékeré kọ́ apá. Ó gun àtẹ̀gùn náà bíi pé ó ń gun òkè, ó dé iwájú mi, ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹnu mi ṣí fúnra rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá. Kí ni ká fi ṣe yín lóore?"

"Ìwọ ọmọ yìí, o ṣeun. Láti Lálúpọn ni mo ti ń bọ̀. Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, bàtà funfun ni wọ́n ní kó wọ̀." Ó tọwọ́ bọ àpò, ó sì mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan jáde, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ mọ níwọ̀n. "Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀ rè é."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi nọ́ńbà ra bàtà, ẹ kò lè mọ̀. Ará oko kì í gbé ọmọ rẹ̀ wá sígboro nítorí bàtà. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí òwú ni wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀, wọ́n á sì gbé e wá. Èmi nìkan ni mo mọ bí a ṣe ń fi í mú bàtà ní Ilé Àtẹ̀gùn, pé o gbọ́dọ̀ fi ìbú ìka kan lé e, pé bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo gba ẹyọ ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ bàbá. Mo dìde. N kò rántí pé mo pinnu láti dìde. Ohun tí mo tún rántí ni pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí àtẹ bàtà, mo ti kó bàtà funfun mẹ́rin sílẹ̀, mo ń ti ìgbálẹ̀ bọ inú ẹ̀kẹta, mo sì ń sọ fún bàbá pé, "Èyí ló máa gbà á. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ rìn nínú ẹrẹ̀ o."

Bàbá wúre fún mi. Ó ní èmi náà á di ìyàwó. Mo gbójú sókè láti ṣe àmín, ni mo bá rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa nídìí àwo, ó ń fi aṣọ nu eruku. Òmíràn wà nídìí ìkòkò. Ìdí aṣọ ọmọdé, èèyàn ti wà níbẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Akọ̀wé ti wọlé," ni wọ́n fi dá mi lóhùn, "a rò pé ó ti parí ni."

Nígbà tó yá ni Bọ̀dá Ìsíkíẹ́lì ròyìn bó ṣe rí lókè. Ọ̀gá Èkó ti tẹ́ ìwé síwájú. Kálámù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àga mẹ́tàlélógún ló wà nínú ìwé náà. Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù tó dúró lójú fèrèsé ló bojú wo ìsàlẹ̀, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní, "Sà, ẹ wá wo nǹkan." Ọ̀gá wá, ó wo orí àtẹ̀gùn tó ti ń dá páropáro, ó sì fi ìdérí dé kálámù rẹ̀. Wọ́n ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Tiwa burú ju ti ejò lọ, torí àwa rìn pọ̀, inú ilé la kàn jọ rìn pọ̀ wọ̀.

Bọ̀dá Ìsíkíẹ́lì bá mi nídìí bàtà. Kò pariwo.

"Akọ̀wé, ta ló rán ẹ?"

"Bàbá àgbà ni, Bọ̀dá. Wọ́n dúró níwájú mi."

"Ẹnì kan dúró níwájú ẹ. Àwa ńkọ́, àwa tí a ti jókòó ti ẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìtìjú ni, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè fún un. Lórí àtẹ̀gùn, èèyàn mẹ́fà péré ló kù. Rábíátù wà lára wọn. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Bẹ́ǹṣì kan ni wọ́n fún wa níkẹyìn, kí a má baà wí pé a kò rí nǹkan kan gbà. Igi ìrókò ni, ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi jókòó lóòjọ́. Bẹ́ǹṣì kan fún obìnrin mẹ́tàlélógún! Nídìí káńtà, òfin kò yí padà: dúró.

Àwa obìnrin wá dá ọgbọ́n tiwa. A gbé àpótí tí wọ́n fi kó aṣọ wá sí ẹ̀yìn káńtà Rábíátù, òun a jókòó sórí rẹ̀, àwa méjì tàbí mẹ́ta a sì pagbo síwájú rẹ̀ bí ẹni ń ká aṣọ. Bí Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù bá ń bọ̀, a ó húkọ́. Báyìí la ṣe fi ara wa ṣe ògiri fún un, oṣù dé oṣù, oyún náà sì dúró. Nígbà tó di oṣù keje, máníjà fi bàtà onírọ́bà wọlé láti ẹ̀yìn. Ó bá a lórí àpótí. Ó ní kó lọ bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Mo sin ín dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ní, "Rábíátù, èmi ni mo fà á. Ká ní mi ò dìde lọ́jọ́ yẹn, orí àga tìẹ lò bá wà."

Ó tún ìborùn rẹ̀ wé. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Ẹsẹ̀ ẹ ni. Ẹsẹ̀ ẹ ò gbọ́ nǹkan tí ẹnu ẹ ń sọ."

Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ látọjọ́ yẹn. Ó bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Kàmọ́rù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ fúnra rẹ̀ ní Olódò, lórí ìjókòó. Èmi dúró ní Ilé Àtẹ̀gùn títí tí ilé náà fi kú mọ́ wa lórí. Kò kú lójijì. Lífùtì ló kọ́kọ́ dákẹ́, Bọ̀dá Ìsíkíẹ́lì sì jókòó sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹni ń ṣọ́ òkú, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọjà kò wọlé láti òkè òkun mọ́, àtẹ ń ṣófo, iná ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ohun kan nínú ẹrù tó kù. Àwọn kan mú àwo, ẹnì kan gbé dígí. Èmi gbé bẹ́ǹṣì, mo gbé e wá sí Olódò níbi tí èmi àti ọkọ mi ti kọ́ ilé, ojúlé kẹta sí ti Rábíátù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Orí rẹ̀ la ti máa ń bó ẹ̀gúsí.

Ilé náà ò sinmi. Wọ́n fi pákó gé e sí ìsọ̀ wẹ́wẹ́, aránṣọ gba ibìkan, àwọn tó ń ya fọ́tò gba ibìkan, ìjọ aládùúrà kan gba àjà òkè. Wọ́n fọ́ ìdajì àtẹ̀gùn láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Láìpẹ́ yìí ni olówó kan rà á, ó fi gíláàsì aláwọ̀ búlúù bò ó lára, ó sì kún inú rẹ̀ fún bàtà àti báàgì. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ìdí bàtà ni Àmínátù, ọmọ Kàmọ́rù. Ọmọ ọmọ Rábíátù! Inú wa dùn lọ́jọ́ tó ríṣẹ́, a kò ronú jìnnà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí a jọ̀wọ́ bá òun wá omi gbígbóná àti iyọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì.

"Ìyá àgbà, wọn kì í jẹ́ ká jókòó o," ló sọ fún Rábíátù. "Kámẹ́rà wà lókè. Tí kò bá tiẹ̀ sí kọ́sítọ́mà, a ṣáà máa dúró ni."

Rábíátù na ọwọ́, ó fọwọ́ gbá bẹ́ǹṣì náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni gbá ẹran ọ̀sìn lẹ́yìn.

"Akọ̀wé, bẹ́ǹṣì yìí, ṣé ó ṣì lágbára?"

Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Mo ní, "Ó lágbára jù wá lọ." Ṣùgbọ́n mo yíjú sí ọmọ náà, torí mo ti rí i rí, ohun tí akọ̀wé ń fi ẹsẹ̀ ṣe, ẹlòmíràn ni wọ́n ń lé nítorí rẹ̀. Mo bi í léèrè, "Àmínátù, tí a bá wá síbẹ̀, wọ́n lè lé ẹ o. Bó o bá ní ká má wá, a ò ní wá."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. "Ẹ wá lỌ́jọ́rú," ló wí. "Ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́jọ́ yẹn."

A so bẹ́ǹṣì mọ́ orí ọkọ̀ akérò Máíkírà kan ní Olódò. Awakọ̀ ní ṣé òkú la fẹ́ lọ tẹ́ sórí ẹ̀ ni, Rábíátù ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a dé Dùgbẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kúnlẹ̀ kí wa, ó sì fi ọ̀wọ̀ wí pé, "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbé ẹrù gbà."

"A ti gba ẹ̀yìn rí," ni mo wí. "Wá bá wa gbé orí kan."

Ó bá wa gbé e. A gbé e gun ìgbésẹ̀ márùn-ún tó kù, a gbé e sí ibi tí káńtà aṣọ wà láyé ijọ́un. Tẹ̀rásò ti dohun ìgbàgbé lábẹ́ táìlì, ṣùgbọ́n òpó ńlá àárín ilé kò kúrò níbi tó wà, òpó yẹn la fi mọ̀. Rábíátù jókòó. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ọmọbìnrin kan tó wọ kóòtù sáré wá, òun ni ọ̀gá wọn níbẹ̀, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, òfin kọ́ḿpìnì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ò lè máa jókòó níwájú kọ́sítọ́mà."

Rábíátù bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Láti àárọ̀, ṣé o ti jókòó?"

Ọmọ náà wo bàtà onígìgísẹ̀ gíga tó wọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí a dúró kí òun lọ pe ọ̀gá lórí fóònù, ó sì lọ. Mo jókòó ti Rábíátù. Mo ní kí Àmínátù wá.

"Màmá, kámẹ́rà ń wò wá o."

"Jẹ́ kó wò wá dáadáa."

Ó jókòó sáàárín wa, ó há.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ǹṣì náà kò tíì padà sílé. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí a wá gbé e. Àwọn ọmọ náà ń fi ìkọ̀ọ̀kan jókòó, ọ̀gá wọn a sì máa bá wọn jókòó nígbà mìíràn. Wọn kò tíì lé Àmínátù. Wọ́n lè lé e lọ́la, n kò ní purọ́ fún yín. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, mo sì ti wo ẹ̀yìn tèmi dáadáa. Ohun tí a rí gbà kò ju bẹ́ǹṣì kan lọ, àti Kàmọ́rù tó wà láàyè. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa ni iṣẹ́ Rábíátù. Àga mẹ́tàlélógún, wọn kò tíì fún wa. Ẹ̀yin lẹ máa gbà wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé yìí. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yan ẹni tó mọ ìwé kọ nìkan ṣe akọ̀wé. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nítorí lỌ́jọ́rú yẹn, a kò tíì jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkùnrin kan fi ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó wá tààrà, ó dúró níwájú wa. Kí n tó mọ̀, ìdí mi ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Àádọ́ta ọdún ó lé, ìdí mi ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì!

Rábíátù di etí aṣọ mi mú.

"Jókòó, Akọ̀wé. Jẹ́ kí ọmọ kí wọn láti ibi tó wà."

Àmínátù kò dìde. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Sà. Kí ni ká fi ṣe yín lóore?"

Ọkùnrin náà ní bàtà dúdú ni òun ń wá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wo ohun tí a jókòó lé. Ó ti ń wo àtẹ.

Mo jókòó.